Ọmọbìnrin mi mọ̀wé, ó sì ń sáré: ilé-ẹ̀kọ́ wo ni kí n fi í sí?

ÌBÉÈRÈ

Àsàláámù aláékúmù, Àáfà wa. Ìbàdàn ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mọ́kànlá, ọdún yìí ni yóò kúrò ní prámárì. Bí kò bá ṣe ipò kìíní, á ṣe ìkejì, kò sì sí ọmọ tó lè bá a sáré nílé-ẹ̀kọ́ wọn, ọkùnrin tàbí obìnrin. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ńlá kan tó jẹ́ bọ́dìn rí i níbi ìdíje, wọ́n ní àwọn á gba ìdajì owó lọ́wọ́ wa tó bá máa sáré fún àwọn. Àmọ́ wọn kì í jẹ́ kí ọmọ lo hijáàbù, ṣòkòtò péńpé ni wọ́n sì fi ń sáré. Ilé-ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí kan wà nítòsí wa. Wọ́n ń kírun, wọ́n ń kéú, ṣùgbọ́n wọn ò ní pápá, wọ́n ní obìnrin kì í sáré lọ́dọ̀ àwọn. Bọ́dìn ni bàbá rẹ̀ fẹ́, ó ní ká yá owó báǹkì fi kún un. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní hàráámù ni kí ọmọbìnrin sáré rárá. Kí ni ẹ̀sìn wí?

ÌDÁHÙN

Wa aláékúmù sàláámù wa ráhmátùláì. Arábìnrin mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ẹ̀gbọ́n ọkọ yín lóhùn, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ wúwo. Kí èèyàn pe ohun tí Ọlọ́hun kò ṣe léèwọ̀ ní hàráámù, ọ̀ràn ńlá ni. Nánà Àíṣà, ìyàwó Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ló ròyìn fúnra rẹ̀ pé àwọn jọ wà lórí ìrìn-àjò, Ànábì ní kí àwọn èèyàn máa lọ níwájú, ó wá ní kí òun àti Àíṣà sáré. Àíṣà ló ya Ànábì sílẹ̀. Nígbà tó pẹ́, tí Àíṣà ti sanra, wọ́n tún sá a, Ànábì ló yege lọ́tẹ̀ yìí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Èyí dípò tọjọ́ sí.” Ó wà nínú ìwé hàdíìsì Abu Dáwúdà àti ti Àmádù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbi kan nínú hàdíìsì yẹn. Ànábì ní kí àwọn ọkùnrin máa lọ ná kí obìnrin tó sáré. Eré sísá kò léèwọ̀. Ibi tí wọ́n ti sá a, aṣọ tó wà lára, ojú tó ń wò wọ́n, ibẹ̀ ni òfin wà. Ẹni tó bá sì ní ara líle kò yẹ obìnrin, kó lọ bi ìtàn nípa Nusaybah ọmọ Kaabu, tó gbé idà dúró ti Ànábì lójú ogun Úhúdù títí wọ́n fi ṣá a lọ́gbẹ́.

Ti ìwé kíkà kò tilẹ̀ yẹ kó gbà wá lákòókò. Obìnrin ni Ash-Shifa ọmọ Abdullahi, òun ló kọ́ Nánà Hafsat, ìyàwó Ànábì, ní ìwé kíkọ, Ànábì sì mọ̀ sí i. Ẹ̀bùn ni orí pípé ọmọ yín, ẹ̀bùn ni ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ni Ọlọ́hun máa bi nípa méjèèjì. Ànábì ní: “Olùṣọ́ ni gbogbo yín, a ó sì bi kálukú léèrè nípa ohun tó ń ṣọ́.” Bukhari àti Muslim ló gbà á wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ n’Ìbàdàn ò ní ṣàì gbọ́ orúkọ Alhaja Humani Àlàgà. Oníṣòwò aṣọ bíi tiyín ni wọ́n. Láyé ìjọ́un, ilé-ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí tó wọ̀ ọ́ ló sì jáde pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen ti dìde sí i l’Ékòó láti 1923. N’Ìbàdàn, Alhaja àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Isabatudeen kó owó ọjà wọn jọ, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ní 1964. Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí ni pé wọ́n gbé ọ̀nà méjì síwájú àwọn ìyá wọ̀nyẹn: ìmọ̀ láìsí ẹ̀sìn, tàbí ẹ̀sìn láìsí ìmọ̀. Wọn ò mú ìkankan níbẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ má tètè gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ méjì péré ló kù láyé.

Ó wá kan bọ́dìn yẹn. Ọdún mọ́kànlá ni ọmọ yín lónìí, ó ṣeé ṣe kó má tíì bàlágà. Àmọ́ ọdún mẹ́fà ni yóò lò níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni yóò lò gẹ́gẹ́ bí àgbà obìnrin tí ọ̀rọ̀ Súúrà Núúrù, ààyà 31, tó ní kí obìnrin bo ara rẹ̀, ti kàn. Torí náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń bọ̀ ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ bá ń ka ìwé òfin wọn. Àwọn kan á sọ fún yín pé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá ẹjọ́ hijáàbù. Lóòótọ́, ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ó fọwọ́ sí i fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni ẹ fẹ́ lọ, ìwé tí ẹ bá tọwọ́ bọ̀ ni wọ́n máa nà sí yín. Àdéhùn sì ni àdéhùn lọ́dọ̀ Mùsùlùmí. Ẹ má tọwọ́ bọ òfin tí ẹ mọ̀ pé ọmọ yín gbọ́dọ̀ rú kó tó lè ṣe ẹ̀sìn rẹ̀.

Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kó lo hijáàbù ní kíláàsì, kó sì fi ṣòkòtò gígùn, aṣọ alápá gígùn àti ìborí sáré. Tí wọ́n bá ní aṣọ bẹ́ẹ̀ á fà á sẹ́yìn, ẹ sọ fún wọn nípa Ruqaya Al-Ghasra, ọmọ Bahrain, tó fi ìborí sá ìdíje igba mítà ní eré ìdárayá ilẹ̀ Éṣíà ní Doha ní 2006, tó sì gba wúrà. Ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, FIFA ti fàyè gba ìborí láti 2014. Mi ò fi èyí ṣe fátúwà (ìdájọ́ ẹ̀sìn) pé kí obìnrin máa sáré níwájú ọkùnrin, àwọn onímọ̀ kò gbà á bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òfin ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ló ń dènà ni, eré kọ́.

Ẹ tún bi wọ́n nípa ìdajì owó náà. Bí ọmọ bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ní kíláàsì kejì ńkọ́? Bó bá di àwẹ̀ Ràmàdáánì tí kò lè máa gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Ta ni kóòṣì wọn, obìnrin àbí ọkùnrin? Tí wọ́n bá lọ díje nípìnlẹ̀ mìíràn, ta ló ń sùn ti àwọn ọmọbìnrin? Ànábì kìlọ̀ lórí kí obìnrin máa rìn jìnnà láìsí mọ̀hàrámù (ọkọ tàbí ìbátan ọkùnrin tí kò lè fẹ́ ẹ), ẹ má fi ojú kékeré wò ó.

Ti ìrun, ojú yín ni kí ẹ fi wò ó. Ẹ má lọ lówùúrọ̀ tí wọ́n ń fi yàrá kọ̀ǹpútà hàn àwọn òbí. Ẹ dé ibẹ̀ lákòókò ìrun Àílà ọ̀sán, kí ẹ bi ọmọ kan ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá. Bó bá mú yín lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó ń ṣàn, tí búútà wà níbẹ̀, tí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù, ẹ mọ̀ pé wọ́n ń kírun. Bí ó bá ń wo ojú tíṣà kó tó dáhùn, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ níbi méjèèjì, torí orúkọ Mùsùlùmí lára ògiri kì í kírun fún ọmọ. Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí yẹn gan-an, ẹ béèrè èsì WAEC wọn, ẹ wo yàrá sáyẹ́ǹsì, ẹ bi wọ́n ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ọmọ tó mọ̀wé báyìí lẹ́tọ̀ọ́ sí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó báǹkì kò gùn. Owó elé ni, Ọlọ́hun sì ti gbé ogun ti elé nínú Súúrà Bàkárà, ààyà 278 àti 279. Ẹ má fi í bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ ọmọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kì í gba elé wà láàárín àwa Mùsùlùmí, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn sì ń gba owó díẹ̀díẹ̀.

Èrò tèmi nìyí. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé bọ́dìn yẹn, mi ò lè fọwọ́ sí i, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé hijáàbù, ìrun àti aṣọ eré gígùn yóò wà. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ wá ilé-ẹ̀kọ́ àlọbọ̀ mìíràn tó ní pápá, tí kì í bá hijáàbù jà. Ẹ wá a dáadáa kí ẹ tó sọ pé kò sí. Bí kò bá sí lóòótọ́, ẹ mú ti Mùsùlùmí, kí ẹ̀yin ìyá bíi mẹ́rin márùn-ún sì lọ bá ọ̀gá ibẹ̀. Ọgbà tó ní ògiri, olùkọ́ obìnrin kan, ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan: ohun tí ọmọbìnrin nílò láti sáré nìyẹn. Ẹ ka hàdíìsì eré Nánà Àíṣà fún un. Onígbàgbọ́ tó lágbára sàn, Ọlọ́hun sì fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tó lẹ lọ, Muslim ló gbà á wá.

Ẹ bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Kódà lórí gbígba ọmú lẹ́nu ọmọ, Ọlọ́hun ní kí bàbá àti ìyá fikùnlukùn. Kí ẹ sì bi ọmọ náà léèrè. Ànábì Ibrahim gba àṣẹ látọ̀dọ̀ Ọlọ́hun pé kó fi ọmọ rẹ̀ rúbọ, síbẹ̀ ó bi ọmọ rẹ̀ pé, “Wo ohun tí ìwọ rí sí i.” Lẹ́yìn náà kí ẹ kí ìrun ìsìtíhárà, ìyẹn ìrun tí a fi ń bẹ Ọlọ́hun kó yan èyí tó dára fún wa, ráká méjì. Tí bọ́dìn bá dá lẹ́tà yín padà, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n ka ohun tí wọ́n kọ kí ẹ tó san owó kankan. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù lọ.