Wọ́n fẹ́ sọ ilẹ̀ ilé gbígbé di ilẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹnìkan ń bẹ ìjọba kí ilẹ̀ ilé gbígbé létí odò Àlà, l'Ákùúrẹ́, di ti òtẹ́ẹ̀lì. Kí ni kí àwa ará àdúgbò yẹ̀wò?

ÌDÁHÙN: Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá. Ibi tí ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ lára ògiri ni omi dé. Bí wọ́n bá fi kọnkéré bo ilẹ̀ tó ń fa omi mu, ilé tó wà nísàlẹ̀ ni àgbàrá yóò yà sí. Ẹ béèrè àwòrán gọ́tà: ṣé ó dé odò, àbí ojú títì ló parí sí? Kí sọ́kawéè òtẹ́ẹ̀lì náà, ìyẹn kòtò tí omi ìdọ̀tí ń rì sí, jìnnà sí kànga yín, ó kéré tán mítà 30. Ṣé tíránsífọ́mà yín á gbé iná tí òtẹ́ẹ̀lì náà máa lò? Bí ojúbọ tàbí sàréè bá wà níbẹ̀, kó hàn lórí àwòrán ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé. Ẹ má gba ìlérí ẹnu lásán. Ẹ kọ àtakò yín sílẹ̀ fún ìjọba, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀.