Kọ́kọ́rọ́ àti BSI Peugeot 307 méjì: má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀

Àbúrò mi ní Kétu, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ lálẹ́ àná. O ní 307 méjì ló wà lọ́wọ́ ẹ, aláwọ̀ eérú lo fi ń ṣiṣẹ́, ìwé ẹ̀ pé, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dáa, àmọ́ inú ẹ̀ ti gbó. Funfun tó o rà ní Kútọnu, wọ́n ti forí ẹ̀ gbá nǹkan, inú ẹ̀ ló ṣì rẹwà. O wá fẹ́ yọ compteur (ojú tó ń fi eré àti kìlómítà hàn), rédíò àti ojú ìfihàn àárín lára funfun sínú aláwọ̀ eérú, o sì tún bi wá pé ṣé kọ́kọ́rọ́ kan lè máa ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Ẹlẹ́tíríìkì ẹ ní kí ẹ kúkú gbé BSI funfun (àpótí kọ̀ǹpútà tó ń darí iná, wáípà àti kọ́kọ́rọ́) síbẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ lè bára mu. Jọ̀ọ́, sọ fún un kó gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ ná. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló á sá, ìdí tí mi ò fi lè sùn láì dá ẹ lóhùn nìyẹn.

Èmi náà ní méjì, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Búlúù ni tèmi, break ni (èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ gùn fún ẹrù), òun la fi ń kó gàrí ìyàwó mi láti Sákété lọ sí ọjà Tọ̀kpá ní Kútọnu. Lóṣù kẹfà 2019 wọ́n pààrọ̀ gíláàsì iwájú ẹ̀, ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ò lẹ̀ ẹ́ dáadáa, o sì mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa lóṣù kẹfà. Omi ń gba abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wọlé, mi ò mọ̀, àfìgbà tí wáípà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gíláàsì fúnra ẹ̀ nínú oòrùn, tí iná iwájú ń tàn tó ń kú. Nígbà tá a yọ BSI, ìyẹn àpótí tí fíúsì wà lára ẹ̀ lápá òsì ẹni tó ń wakọ̀, mo fojú ara mi rí i: àwọn irin tín-ín-rín inú ẹ̀ ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé, bí èyí tó máa ń wà lára bàbà tó ti pẹ́. Mo fi èékánná kan ọ̀kan báyìí, ó já, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí eérú.

Ni mo bá ra funfun kan, wọ́n ti kọlù ú lẹ́yìn, iwájú ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó tà á ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ti sọnù, mo ní kò séwu, ṣebí BSI ni mo fẹ́. Àṣìṣe mi nìyẹn, ibẹ̀ ni gbogbo ìyà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá ẹlẹ́tíríìkì kan tí gbogbo èèyàn ń júbà fún gbé BSI funfun sínú búlúù. Gbogbo iná tàn, wáípà dákẹ́, inú mi dùn. Mo ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń yí ṣáá, kò gbiná. Ó ní epo ni. A fọ fíltà epo. Kò gbiná. Ó ní pọ́ǹpù epo ni, mo ra pọ́ǹpù, 40,000 sẹ́fà. Kò gbiná. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń yí i títí bátìrì fi kú, èmi àtàwọn ọmọ mi ń tì í láàárín òpópó ní Ọ̀wandó, àwọn onízẹ̀mí (ọlọ́kadà) ń fọn fèrè sí wa. Ọjọ́ kẹrin ló wá rántí pé calculateur (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) náà gbọ́dọ̀ bá BSI lọ, ó gbé calculateur funfun wá, ó gba owó míì lọ́wọ́ mi. Kò gbiná síbẹ̀! Ó wá dojú kọ mí, ó ní mọ́tò mi ló lóhun tó ń ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ló dúró lẹ́yìn tó rọra sọ fún mi pé, bàbá, kọ́kọ́rọ́ yín ò mọ BSI yìí rí.

Ohun tí ọmọ yẹn sọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Mẹ́ta ni wọ́n: calculateur tó ń darí ẹ́ńjìnnì, BSI, àti ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú orí kọ́kọ́rọ́. Láti 1998 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan ní Yúróòpù pé mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ní irú ẹ̀ nítorí àwọn olè. Tó o bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ neiman (ojúhò kọ́kọ́rọ́ lẹ́bàá stẹ́rìn), wáyà tí wọ́n wé yí ẹnu neiman ká á fún ẹ̀rọ kékeré yẹn lágbára, kò lo bátìrì (bátìrì inú kọ́kọ́rọ́, ti ilẹ̀kùn ni, torí ẹ̀ ni mọ́tò ṣe ń gbiná bí bátìrì yẹn bá tiẹ̀ kú). Ó máa dárúkọ ara ẹ̀ fún BSI, tí BSI bá mọ̀ ọ́n, òun náà á lọ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún calculateur, ìgbà yẹn ni calculateur tó máa gbà kí epo wọ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹnì kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ àjèjì, sítátà á máa yí lásán. Tó o bá rí i báyẹn lẹ́yìn tí wọ́n tú nǹkan, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ẹ́ ní pọ́ǹpù epo.

Mo wá ń wá nọ́ńbà àṣírí BSI funfun, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rin péré ni, wọ́n máa ń kọ ọ́ sórí káàdì kan tí wọ́n fún ẹni tó kọ́kọ́ ra mọ́tò. Láìsí i, o ò lè kọ́ BSI ní kọ́kọ́rọ́ tuntun. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ta irú mọ́tò náà. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì ò tiẹ̀ gbójú sókè wò mí, ó ní kí n mú carte grise (ìwé mọ́tò) lórúkọ mi wá. Mọ́tò tí mo rà fún títú, ibo ni mo ti fẹ́ rí carte grise? Mo mú rìsíìtì jáde, ó ní kì í ṣe ìwé. Mo mọ̀ pé torí olè ni wọ́n ṣe ń bi èèyàn, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí wọ́n bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gàrí ìyàwó mi wà nílẹ̀ ní Sákété, ó ń fowó ẹrù san fún mọ́tò ọlọ́mọ́tò.

Ibi tí Ọlọ́run ti gbà mí ni pé mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta funfun. Òun fúnra ẹ̀ ò sí nílé, ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ló wà níbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, ó mú mi wọ yàrá kan, kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó lára ògiri, ó tó ogójì. A ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ gbogbo ẹ̀ la ti rí ọ̀kan tí wọ́n fi okùn so bébà mọ́ lọ́rùn, nọ́ńbà chassis funfun mi ló wà lára bébà náà. Mo fún ọmọ yẹn ní 5,000, n bá fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní mo ní.

Mo délé, mo fi ọ̀bẹ kékeré ya orí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sí méjì lórí tábìlì, mo yọ pátákó tín-ín-rín inú ti funfun, mo fi sínú ike ti búlúù tó ní irin búlúù. Ìyẹn ni pé irin tèmi ló ń yí neiman tèmi, pátákó funfun ló ń bá BSI funfun sọ̀rọ̀. Mo ki í bọ̀ ọ́, mo yí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ó gbiná. Ìyàwó mi sunkún lẹ́nu ọ̀nà.

Tìẹ wá ńkọ́. BSI aláwọ̀ eérú ẹ ò ṣàìsàn, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́? Jẹ́ kó wà níbẹ̀ pẹ̀lú calculateur ẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Ojú ìfihàn àti compteur, ìyẹn ṣeé ṣe, ohun tó o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ni ọdún wọn. Wọ́n tún 307 ṣe ní 2005, èyí tó wà ṣáájú àtúnṣe yẹn, èdè VAN ni rédíò àti compteur ẹ̀ fi ń bá BSI sọ̀rọ̀, àwọn tó tẹ̀lé e, CAN ni. Bí ọ̀kan bá jẹ́ VAN tí èkejì jẹ́ CAN, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú, wọn ò ní gbọ́ra wọn yé láéláé, bí plọ́ọ̀gì bá tiẹ̀ jọra. Má sì gbé compteur mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì sínú èyí tó ń jẹ ẹ̀ǹsánsì (pẹtiróòlù). Nọ́ńbà kìlómítà wà nínú BSI náà, kì í ṣe nínú compteur nìkan, torí náà tó o bá ń ta mọ́tò náà lọ́la, sọ fún ẹni tó ń rà á pé o ti pààrọ̀ ẹ̀. Rédíò máa ń wo nọ́ńbà chassis tó wà nínú BSI, wàá nílò ẹni tó ní Lexia (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ Peugeot wò) tó lè kọ nọ́ńbà tìẹ sínú ẹ̀.

Ẹ̀mí ni mo ń bá ẹ sọ báyìí o. Kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun lẹ́bàá stẹ́rìn, yọ bátìrì, kó o dúró, ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Plọ́ọ̀gì aláwọ̀ ọsàn yẹn, ti airbag ni. Mo rí ọmọ iṣẹ́ kan tó fi sìkúrú dírẹ́fà tọ́ ọ nígbà tí bátìrì ṣì wà lórí, ó bú sí i lójú, etí ẹ̀ kan ò gbọ́ràn dáadáa mọ́ dòní. Kó o tó yọ bátìrì pàápàá, pa kọ́kọ́rọ́, fa gíláàsì wálẹ̀, dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta kí BSI sùn. Tó o bá dá a padà, dúró díẹ̀ kó o tó ṣí kọ́kọ́rọ́. Táyà iwájú kó wà ní títọ́ tó o bá máa yọ stẹ́rìn, wáyà tí wọ́n ká jọ sẹ́yìn ẹ̀ máa ń já tí wọ́n bá yí i kọjá.

Bó bá di pé wọ́n ń kọ́ BSI ní kọ́kọ́rọ́, gbogbo kọ́kọ́rọ́ mọ́tò náà ni kó o kó lọ, márùn-ún ló lè gbà. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, BSI á gbàgbé ẹ̀, mo gbàgbé ọ̀kan sílé, ó ti di ohun ìṣeré ọmọ.

Nọ́ńbà chassis tí wọ́n tẹ̀ sára irin, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o gbé e láti ara ọ̀kan sí èkejì, sá fún un. Tọ́jú rìsíìtì funfun náà sínú aláwọ̀ eérú, tí ọlọ́pàá bá dá ẹ dúró ní ọ̀nà Pobẹ̀, ìwọ náà á lè fi ibi tó o ti rí nǹkan ẹ hàn wọ́n.

Ṣé kọ́kọ́rọ́ funfun wà lọ́wọ́ ẹ? O ò sọ. Tí kò bá sí, lọ gbà á lónìí kí ẹni tó tà á fún ẹ tó tà á fún ẹlòmíì. Lára ilẹ̀kùn ẹni tó ń wakọ̀, bébà kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin, nọ́ńbà OPR wà lára ẹ̀. Kọ ti méjèèjì síbí, ká fi mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe wọ́n, kí n sọ fún ẹ bóyá VAN ni wọ́n àbí CAN.