Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ni kí n fi ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Wọ́n fẹ́ tún ilé ọ́fíìsì wa ṣe, wọ́n ní kí gbogbo wa lọ máa sinmi nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, owó oṣù ò dúró. Èmi tí mo máa ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ lójoojúmọ́! Kó tó pé ọjọ́ mẹ́rin mo ti fọ gbogbo kọ́tìnì, mo ti to kọ́bọ́ọ̀dù, látìgbà yẹn fóònù ni mò ń tẹ̀ títí di aago kan òru. Àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún 8, wà ní họ́lídè, wọ́n á ní kí n wá bá àwọn ṣeré, mi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é mọ́. Mo ti pé ọdún 41, tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ràn, mi ò lè sọ. Nígbà kan sha mo máa ń ya sítáì aṣọ sẹ́yìn nóòtù mi, bàbá mi ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. (Ìyá Ìbejì, Agége)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Èèyàn tó ti ń sáré láti ọdún yìí wá, tí wọ́n wá ní kó jókòó lójijì, á dà bíi pé ilẹ̀ yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ọwọ́ á máa wá ohun tó máa dì mú, fóònù ló sì sún mọ́ ọn jù, torí náà ẹ má bínú sí ara yín.

Occupational therapist ni mí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá gbọ́ therapy máa ń rò pé ọ̀rọ̀ sísọ ni, àmọ́ ohun tí èèyàn ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe làwa fi ń tọ́jú èèyàn, oúnjẹ sísè, aṣọ rírán, eré. Kì í ṣe nǹkan àjèjì níbí o, ní Aro l'Ábẹ̀òkúta, láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti jẹ́ kí àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú máa gbé láàrin àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ oko, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú lọ.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí mo fojú ara mi rí. Bàbá kan wà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lọ́wọ́ ọ̀tún, mo gbé bọ́ọ̀lù rọ́bà fún wọn pé kí wọ́n máa fún un, wọn ò tiẹ̀ wò ó, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ kan ni mo gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀, ilé mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, 48 pérépéré, àbúrò wọn jókòó síwájú wọn. Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e rọra wá ọmọ ayò kan, ó já bọ́, wọ́n tún mú un, ó tún já bọ́, ẹ̀ẹ̀kẹta ó dé inú ilé. Nígbà tí ayò wọn wá já sílé àbúrò tó di mẹ́ta, tí wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òpè ni. Ọwọ́ tó kọ bọ́ọ̀lù ló ń ta ayò yẹn o.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyí: ẹ ní ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn, bẹ́ẹ̀ ẹ ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi fúnra yín, ìlà kan ṣoṣo ní ìparí lẹ́tà, sítáì aṣọ. Ẹ má jókòó máa ronú pé ta ni mí, kò ní dáhùn. Ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ rántí.

Ẹ lọ gba àjákù áńkàrá lọ́wọ́ tẹ́lọ̀ àdúgbò, ọ̀pọ̀ wọn dídà ni wọ́n ń dà á nù. Ẹ ra nóòtù àti pẹ́ńsù, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹ fi fóònù sí yàrá, kẹ́ ẹ pe àwọn ìbejì. Kí ọ̀kan sọ irú aṣọ tó fẹ́, kẹ́ ẹ yà á, kí èkejì gé àjákù kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Tí wọ́n bá ní bùbá tó ní ìyẹ́ ni wọ́n fẹ́, ẹ ya ìyẹ́ sí i! Ẹ má fi rọ́bà pa ohunkóhun rẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá sú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ yín ní ten-ten tàbí suwe, àwọn ni tíṣà, ẹ̀yin lakẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn gan-an máa ń dùn mọ́ ọmọdé ju eré náà lọ. Lálẹ́, kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ kọ ìlà kan péré: ibo ni mo ti gbàgbé aago lónìí? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ẹ ka gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, ẹ máa rí ara yín níbẹ̀.

Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ di bísínẹ́ẹ̀sì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, ọjọ́ tí kọ́sítọ́mà àkọ́kọ́ bá ti dé ó ti di iṣẹ́ nìyẹn, ẹ ò sì tíì mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ràn ẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọ̀lẹ yẹn, bàbá yín ń ronú oúnjẹ ọ̀la ni, mi ò bá wọn jà, àmọ́ abala 24 nínú Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí United Nations gbà wọlé ní 1948 sọ pé gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi àti fàájì, kò sọ pé ọmọdé nìkan ni.

Àmọ́ tó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì tí oorun ò dá, tí oúnjẹ ò wù yín, tí ohunkóhun ò dùn mọ́ yín rárá, àní eré àwọn ọmọ náà, ẹ má pè é ní àìríṣẹ́ṣe, ẹ lọ rí dókítà ní health centre tó wà nítòsí yín.

Tẹ́ ẹ bá ti ya aṣọ tó ogún, ẹ kọ̀wé sí mi padà, mo fẹ́ gbọ́ irú ọrùn àti apá tó kọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ yín.