Ṣé Àánú Ọlọ́run Ní Ààlà? Ohun Tí "Kì Í Pẹ́ Lórí Ìkúnlẹ̀" Ń Sọ Gan-an

Ìbéèrè tí àbúrò kan bi mí nìyí, mo gé e kúrú. Àbúrò bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ tí bàbá náà fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ó sì ná owó rẹ̀ tán. Ọdún gorí ọdún, ọkùnrin yìí di àtúnbí, ó dìde jẹ́rìí nínú ìjọ pé Ọlọ́run ti dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ òun ji òun. Nígbà tí àwọn ọmọ béèrè ilẹ̀ wọn, ó ní òun ò lè máa hú ohun tí Ọlọ́run ti bò mọ́lẹ̀ síta. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí oníwàásù kan lórí rédíò fi tún wá fi òwe ti irú ìwà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, ó ní: "Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀." Ó ní ohun tí àwọn baba wa ń sọ ni pé kí èèyàn ṣáà ti kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run kó ní òun jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ bùṣe, kò sí ẹni tó tún gbọdọ̀ bi í léèrè mọ́, nítorí ìfẹ́ Ọlọ́run ò lópin. Àbúrò yìí wá ń béèrè bóyá òótọ́ ni, àti bóyá òun gan-an ló ń dẹ́ṣẹ̀ báyìí, nítorí inú òun ò tíì yọ́ sí àbúrò bàbá òun.

Àlàyé yẹn bí mi nínú, mi ò ní fi pa mọ́. Ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń fi òwe ṣe ohun ọ̀ṣọ́ fún ìwàásù, tí wọn ò sì jókòó rí níbi tí wọ́n ti ń pa òwe náà. Òwe ìgbẹ́jọ́ ni. Iwájú baálé ni ibùgbé rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ níbẹ̀ kò lè mọ ìdí tí ìkúnlẹ̀ ẹlòmíràn kì í fi í pẹ́.

Bàbá bàbá mi ni baálé agboolé wa, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gbọ́ ẹjọ́, nígbà tí àwọn ará oko bá ti wọlé. Àwa ọmọdé a máa jókòó sẹ́yìn ògiri, a ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹjọ́ kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ọkùnrin kan hú pèrègún tí wọ́n fi pààlà láàárín oko rẹ̀ àti oko opó kan, ó sì lọ rì í mọ́ inú oko obìnrin náà. Ó kọ ebè síbẹ̀, ó gbin iṣu. Nígbà tí àṣírí tú, kò janpata rárá. Bó ṣe wọlé báyìí ló kúnlẹ̀ níwájú bàbá àgbà, ó ní, "Mo jẹ̀bi, bàbá, ẹ forí jì mí."

Bàbá ní, "O jẹ̀bi kí ni?"

Ó ní, "Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ pé mo ṣe, mo jẹ̀bi ẹ̀."

Bàbá ní, "Rárá o. Ẹnu tìẹ ni kí n ti gbọ́ ọ."

Ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: ọjọ́ tó hú pèrègún, ibi tó rì í sí, ebè tó kọ. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bàbá àgbà ló kọjú sí. Bàbá dá a dúró, wọ́n ní, "Ṣé oko mi lo wọ̀ ni? Yí ojú sí ẹni tó o ṣẹ̀." Inú ilé pa lọ́lọ́. Ọkùnrin yìí, tó ti ń sọ̀rọ̀ gààràgà látàárọ̀, kò rọrùn fún un rárá láti fi orúnkún yí padà sọ́dọ̀ opó náà. Ó yí padà ṣá. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á dá pèrègún padà síbi tó wà lójú àgbà méjì, àti pé iṣu tó wà lórí ilẹ̀ náà ti di ti obìnrin náà. Bàbá bi obìnrin náà bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni bàbá ní, "Dìde." Wọ́n bu omi fún un mu. Gbogbo rẹ̀ kò tó àkókò tí èèyàn fi ń jẹun yó.

Ohun tí "kì í pẹ́" túmọ̀ sí nìyẹn. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kò pẹ́ nítorí pé kò fi nǹkan kan pa mọ́, kò sì fi ti ẹlòmíràn há ọwọ́. Ẹni tó bá ń jiyàn ló máa ń pẹ́ níbẹ̀, àti ẹni tó bá gbà lẹ́nu tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbà. Mo ti rí ẹni tó ní òun jẹ̀bi nígbà mẹ́fà láàárín ìjókòó kan, tí wọn ò sì jẹ́ kó dìde títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dé ibi kó dá nǹkan padà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn.

Ìdí tí mo fi gbà pé òwe yìí kan ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gan-an ni pé ọmọ ìyá rẹ̀ wà tí àwọn àgbà máa ń pa: "Ohun gbogbo tí a bá ṣe láyé, la ó kúnlẹ̀ rò lọ́run." Ìkúnlẹ̀ kan náà ni. Lójú tèmi, ọ̀kan ń ṣàlàyé èkejì: ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ láyé, tó yí ojú sí ẹni tó ṣẹ̀, tó sì dá ohun oníǹkan padà, kò ní ẹjọ́ púpọ̀ tí yóò rò lọ́hùn-ún. Ẹni tó fo ìkúnlẹ̀ ti ayé kọjá, tó ní ti ọ̀run nìkan lòun fẹ́, ó kàn gbé ẹjọ́ náà síwájú ni. Àwọn òwe mìíràn wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, bíi "Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra", tí gbogbo èèyàn mọ̀. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n ìfẹ́ òbí ni wọ́n ń sọ, wọn ò dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tí ọmọ náà jà lólè.

Ẹni tó bá rò pé ọgbọ́n orí mi ni mo ń sọ, kó wo ìtàn tó wà nínú odù Ifá tó ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́túrá. Nígbà tí Olódùmarè rán àwọn òrìṣà wá sáyé láti tún un ṣe, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n: ọkùnrin mẹ́rìndínlógún, Ọ̀ṣun sì ni obìnrin kan ṣoṣo àárín wọn. Àwọn ọkùnrin ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń ṣètò, wọn ò ka Ọ̀ṣun sí. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé wá ń dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n rúbọ, kò gbà. Nígbà tí ó sú wọn, wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ láti bẹ̀bẹ̀. Olódùmarè bi wọ́n léèrè ẹnì kẹtàdínlógún wọn, obìnrin àárín wọn. Wọ́n ní àwọn kò pè é sí ohun tí àwọn ń ṣe. Olódùmarè ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Ẹni tó dá gbogbo wọn ni wọ́n wà níwájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ sí Ọlọ́run nìkan ló ń parí ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti parí. Olódùmarè kò lé wọn, kò sì sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kò bá Ọ̀ṣun gba ẹ̀bẹ̀ tó tọ́ sí Ọ̀ṣun. Ó dá wọn padà sáyé, sọ́dọ̀ obìnrin tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ọ̀ṣun náà kò sì fi ẹ̀rín gbà á lójú ẹsẹ̀. Ó lóyún nígbà náà, ó ní bí òun bá bí ọkùnrin, kí ọmọ náà máa bá wọn jókòó, kí ọ̀rọ̀ tán. Bó bá jẹ́ obìnrin, kò tíì tán nìyẹn. Àfìgbà tí wọ́n dúró, tí wọ́n ń fi àṣẹ àti àdúrà ti oyún náà lẹ́yìn, kí wọ́n tó bí ọmọkùnrin náà, Ọ̀ṣẹ́túrá. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ wọn tó padà gún régé. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì kò gbàgbé irú ẹ̀kọ́ yìí: ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún omi Òṣàlá, ìyẹn Ọbàtálá, tí wọ́n fi ń rántí bí wọ́n ṣe ti Òṣàlá mọ́ ẹ̀wọ̀n fún ọdún méje ní ìlú Ṣàngó láìṣẹ̀, tí ilẹ̀ gbẹ, tí òjò kò rọ̀, títí wọ́n fi tú u sílẹ̀ tí wọ́n sì fi omi wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀ṣe lèmi ń sọ, pé Bíbélì àti Àlùkùránì yàtọ̀. Ṣé àwọn tó ń wàásù ń ka ìwé wọn ṣá? Jésù ló sọ nínú Mátíù orí 5 pé bí o bá gbé ẹ̀bùn dé ibi pẹpẹ tó o rántí pé arákùnrin rẹ ní ohun kan sí ọ, kó o fi ẹ̀bùn sílẹ̀ níbẹ̀, kó o kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Sákéù agbowó-orí kò dúró kí wọ́n ní kó dá owó padà kó tó sọ pé ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ, òun á san án ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ sì wo Mánásè ọba Júdà, tó jọba fún ọdún 55. Kíróníkà Kejì orí 33 sọ pé nígbà tí wọ́n mú un nígbèkùn lọ sí Bábílónì, ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ gidigidi, Ọlọ́run gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó sì dá a padà sórí ìtẹ́. Síbẹ̀, ìwé Ọba Kejì orí 24 sọ pé ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ tó fi kún Jerúsálẹ́mù, Olúwa kò fẹ́ dárí rẹ̀ jì, ìlú sì jìyà rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọba náà rí àánú gbà fún ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àwọn tó pa ṣì ń ké. Nínú Ìsìláàmù ẹ̀wẹ̀, hádíìsì (ọ̀rọ̀ Ànábì) wà tí Ímáàmù Muslim, ọ̀kan nínú àwọn tó kó hádíìsì jọ, gbà wá pé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ni a ó fi ji ẹni tó kú sójú ọ̀nà Ọlọ́run, àyàfi gbèsè. Gbèsè! Ẹni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀ ni o.

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé. Bó bá jẹ́ pé bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe pọ̀ tó là ń wí, àánú Ọlọ́run kò ní ààlà, ẹni tó bá sì ń dẹ́rù ba èèyàn pé tirẹ̀ ti kọjá àtúnṣe ń purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Àlùkùránì orí 39, ẹsẹ 53, sọ ọ́ gbangba pé kí àwọn tó ti ṣe àṣejù má sọ̀rètí nù, nítorí Ọlọ́run ń ṣe àforíjìn gbogbo ẹ̀ṣẹ̀. Ọkùnrin tó pa èèyàn ọgọ́rùn-ún nínú hádíìsì, tó kú sójú ọ̀nà níbi tó ti ń lọ sí ìlú àwọn ẹni rere, àánú ló gbà á, nítorí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í fi ohun olóhun ṣe ìtọrẹ. Kò ní fi ilẹ̀ ọmọ òrukàn ta ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́rẹ kó wá pè é ní ìfẹ́, nítorí ó fẹ́ràn ọmọ òrukàn náà pẹ̀lú.

Ó ń dùn mí pé ẹni tó mọ èyí ti ń dín kù. Agboolé ti tú, oníkálùkù ti kọ́ ilé sí ìgbèríko, orí WhatsApp la ti ń ṣe ìpàdé ẹbí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ á fi "sọ́rì" ránṣẹ́, á tì í, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á sì di olóríkunkun bí kò bá dáhùn. A ti sọ ìdáríjì di ohun tí ẹlẹ́ṣẹ̀ fi ń pa ẹni tó rẹ́ jẹ lẹ́nu mọ́. Àwọn ọmọ tó ń dàgbà báyìí kò rí ẹni tó kúnlẹ̀ yí ojú padà sí opó rí.

Àbúrò mi, ó ku apá kejì ìbéèrè rẹ. O kò dẹ́ṣẹ̀ nítorí pé o béèrè ohun bàbá rẹ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀run dẹ́rù bà ọ́. Àbúrò bàbá rẹ ni wọ́n, nítorí náà má yájú sí wọn. Pe àgbà ẹbí méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ jókòó, kí wọ́n sọ ilẹ̀ tí wọ́n tà, iye tí wọ́n tà á, àti ohun tí agbára wọn ká láti dá padà. Bí kò bá sí owó mọ́, ó lè jẹ́ ilẹ̀ mìíràn, ó lè jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ tí wọ́n ní Ọlọ́run nìkan làwọn ń dá lóhùn, fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọba adákẹ́dájọ́, kó o sì lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò lórí ìwé ilẹ̀ náà.

Àmọ́ òwe yẹn kan ìwọ náà o, apá tí oníwàásù kò rí rárá nìyí. "Kì í pẹ́" kì í ṣe ìlérí fún ẹni tó kúnlẹ̀ nìkan, àṣẹ ni fún ẹni tó jókòó. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá tọkàntọkàn, tí wọ́n sọ ọ́, tí wọ́n sì ń dá a padà, má dá wọn dúró síbẹ̀ kó o lè gbádùn ìtìjú wọn. Má sì máa ka ọ̀rọ̀ náà sí wọn lórí níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú, nítorí bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré. Opó ọjọ́sí lè béèrè ju iṣu lọ, ó sì tọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin yẹn ló bá a kọ ebè.