Èsì: Sẹ́ńsọ̀ FSR kan ṣoṣo ò lè mọ ibi tí ìka ń tì sí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní FSR (sẹ́ńsọ̀ pẹlẹbẹ tó ń mọ agbára ìtẹ̀) tí ẹ fi sábẹ́ ìka ń mọ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò mọ̀ tí ẹ bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò lè mọ̀ ọ́n, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nìkan ló ń kà. Ẹ to FSR mẹ́rin sábẹ́ ìdérí róbà kan: iwájú, ẹ̀yìn, òsì, ọ̀tún. Àròpọ̀ wọn ni ìtẹ̀. Ẹ yọ òsì kúrò lára ọ̀tún, ìtì ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Kí ìdérí náà ga díẹ̀ o, torí bó ṣe ń fì lẹ ó fi mọ̀.

Ní tèmi, òòfà kékeré nínú róbà sílíkónì, lórí sẹ́ńsọ̀ Hall oní-ọ̀nà mẹ́ta (èyí tó ń mọ ibi tí òòfà sún sí), ló wù mí jù. FSR máa ń ṣìnà tí ìka bá pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ ṣáà má gbé sẹ́ńsọ̀ Hall náà sún mọ́ mọ́tò oníná tó ń yí nǹkan, torí òòfà inú mọ́tò lè dà á rú.