Fáìlì Màmá àti Owó Ẹ̀rọ: Lẹ́tà Méjì Ni Kí Ẹ Kọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ kan ni wọ́n ti ń tọ́jú kíndìnrín ìyá mi. Dókítà míì tó fẹ́ tún wọn yẹ̀ wò ní ká mú ẹ̀dà fáìlì wọn wá, àmọ́ àwọn tó ń tọ́jú fáìlì ní fáìlì kì í jáde. Ilé ìwòsàn yìí kan náà ló kéde pé òun ti ra ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, síbẹ̀ ìta la ti ń sanwó ṣe é. Mo fẹ́ mọ iye tí wọ́n rà á. Ẹnìkan ní kí n fi òfin FOI, ìyẹn òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, béèrè méjèèjì nínú lẹ́tà kan. Ṣé ó tọ̀nà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ má kó méjèèjì pọ̀, torí wọn yóò fi ọ̀rọ̀ fáìlì bo ọ̀rọ̀ owó mọ́lẹ̀.

Ti fáìlì kì í ṣe iṣẹ́ FOI. Òfin yẹn, tí wọ́n buwọ́ lù lọ́dún 2011, kò bi ẹnikẹ́ni ní ìdí tó fi ń béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba. Ohun tí ẹ bá lè fi í gbà, onílé Màmá náà lè fi í gbà á. Ìdí rèé tí abala 14 rẹ̀ fi yọ fáìlì aláìsàn sọ́tọ̀.

Òfin Ìlera ọdún 2014 àti òfin tó ń dáàbò bo dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa ara ẹni, ti ọdún 2023, ni kí ẹ dì mú. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ò kúkú parọ́ tán: òfin 2014 ló ní kí ilé ìwòsàn máa tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn, nítorí náà ojúlówó fáìlì lè má kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà lẹ̀ ń béèrè. Abala 34 òfin dátà fún ẹni tó ni dátà lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà rẹ̀ láìsí pé wọ́n ń fi falẹ̀. Bí ìnáwó rẹ̀ bá pọ̀ jù, wọ́n lè ní kí ẹ san nínú rẹ̀.

Ẹni tó ni dátà ni mo wí o. Màmá ni, kì í ṣe ẹ̀yin. Ó máa ń ṣòro fún àwa ọmọ Yorùbá láti gbà pé àkọ́bí tó ń san gbogbo owó ìtọ́jú ò lè kàn wọlé kó ní kí wọ́n kó fáìlì ìyá òun fún òun. Àmọ́ bí Màmá bá ṣì lè sọ tinú wọn, àṣẹ wọn lórí ìwé ni abala 26 òfin 2014 ń béèrè. Kí wọ́n buwọ́ lu lẹ́tà náà, tàbí kí wọ́n tẹ̀ka sí i, kí orúkọ yín sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán. Bí àìsàn bá ti mú wọn débi tí wọn ò lè fúnni láṣẹ mọ́, òfin gbà kí aṣojú wọn béèrè. Bí ilé ìwòsàn bá ṣì kọ̀, ẹ fẹjọ́ wọn sun àjọ NDPC tó ń mójú tó òfin dátà.

Owó ẹ̀rọ ní tiẹ̀, owó aráàlú ni, ibẹ̀ gan-an ni FOI wúlò sí. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, nínú ẹjọ́ tí wọ́n pe àjọ tó ń gbógun ti àrùn éèdì ní ìpínlẹ̀ Ẹdó: FOI de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Ẹ béèrè iye tí wọ́n rà á, ẹni tó tà á, ọjọ́ tó dé, àti bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ní àṣírí aláìsàn ni, ẹ má gbà. Ẹ̀rọ kì í ṣàìsàn. Inú máa ń bí mi sí àwáwí yìí, torí àwọn tó ń fi àṣírí bo owó kì í sábà bìkítà nígbà tí òṣìṣẹ́ wọn bá ń ya fọ́tò fáìlì aláìsàn ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ẹ lè béèrè iye èèyàn tó ti lo ẹ̀rọ náà, àmọ́ ẹ má béèrè orúkọ. Ẹ má sì ní kí wọ́n pín iye náà sí àdúgbò àdúgbò. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wá láti àdúgbò kan, àwọn ará ibẹ̀ á mọ̀ ọ́n láìdárúkọ.

Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì sí lẹ́tà FOI yìí, wọ́n sì lè fi 7 míì kún un bí iṣẹ́ náà bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ tàbí tí wọ́n dákẹ́, ẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ sílé ẹjọ́. Ìtanràn ẹni tó bá kọ̀ láìtọ́ jẹ́ ₦500,000. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà méjì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èyí tí ẹ máa mú padà, torí ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ọwọ́ wọn ni òfin ti ń kà.