Wọ́n ní iná ọkàn ọmọ mi ń falẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ibà mú ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 9. Orúnkún rẹ̀ wú. Bí ìyẹn ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ọrùn ẹsẹ̀ tún wú. Wọ́n ní ibà làkúrègbé ni. Wọ́n wá so wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n ní iná ọkàn rẹ̀ ń falẹ̀. Ṣé ọkàn rẹ̀ fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Rárá o.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀fun ti dùn ún ní bí ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 ṣáájú. Kòkòrò streptococcus ló máa ń fa irú ọ̀fun dídùn bẹ́ẹ̀. Ara dìde láti bá a jà, àmọ́ ó ṣi oríkèé àti ọkàn ọmọ mú fún ọ̀tá.

Òkè ọkàn ni iná mànàmáná kékeré tó ń mú un lù ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó dé ìsàlẹ̀, ó ń gba oríta kan kọjá, ó sì ń dúró díẹ̀ níbẹ̀. Àìsàn yìí ló mú kí ìdúró náà gùn sí i. Ìlù kankan kò sọnù, ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni. Bí àìsàn bá ti ń rọlẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sábà máa ń padà sípò.

Fálífù, àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn, ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ̀rọ oníwáyà yẹn kò lè fi wọ́n hàn. Ẹ béèrè fún yíya àwòrán ọkàn, èyí tí wọ́n ń fi jẹ́ẹ̀lì pa láyà, kódà bí dókítà kò bá gbọ́ ariwo kankan níbẹ̀.

Nílé, ẹ dúró kó sùn, kí ara rẹ̀ sì tutù, torí ibà nìkan tó láti mú ọkàn sáré. Ẹ fi ìka lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ ka ìlù fún odindi ìṣẹ́jú 1. Bó bá ń kọjá 100 lójú oorun, ẹ sọ fún dókítà. Bó bá dákú, tàbí tí kò lè mí dáadáa ní ìdùbúlẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Orúnkún á tètè san, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń jáwọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jáwọ́. Ọ̀fun dídùn mìíràn lè tún kọlu fálífù, abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì tí wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ló ń dènà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó máa gbà á, ó kéré tán títí yóò fi dàgbà. Kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn, ẹ gba ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kàn.